Pupa ń ṣá, funfun kò gbẹ, ara àwòrán sì ti ń là: kí ni kí n ṣe sí i?

OníBúrọ́ọ̀ṣì_Kàbà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́ ọnà. Ọ̀dà olómi ni mo mọ̀ ọ́n lò tẹ́lẹ̀, ọ̀dà olóròóró ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Àwòrán tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti aṣọ pupa àwọn ará Bùnú, nítòsí Kàbà níbí, tí wọ́n ká sórí àpótí, tí òkè hàn lójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ òwú funfun ni mo nà sórí férémù, 60 sí 80 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ara ògiri ni mo fi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì fún ìpìlẹ̀. Dúdú tí wọ́n ń pè ní ivory black ni mo pò mọ́ òróró línsíìdì, òróró tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà olóròóró, láti fi ya gbogbo ibi tó ṣókùnkùn, ó sì nípọn díẹ̀. Nígbà tó gbẹ lójú, mo bu tapẹntáìnì la pupa kó lè ṣàn, mo sì tẹ́ ẹ lé e lórí.

Bó ṣe rí rèé báyìí. Apá kan lára pupa náà ti ṣá, kò dán mọ́, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń dán. Gbogbo ibi tí dúdú wà nísàlẹ̀ ti ń là wínníwínní. Funfun ojú ọ̀run ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, òjò kò sì jẹ́ kí oòrùn ràn. Ṣé àwòrán yìí ṣì ṣeé gbà là? Báwo ni kí n sì ṣe to ìpele èyí tí mo bá tún bẹ̀rẹ̀?

Àgbà_Ìsánlú:

Àbúrò, ó ṣeé gbà là, àmọ́ o máa ha apá kan kúrò.

Ohun kan wà tí ẹni tó ti ọ̀dọ̀ ọ̀dà olómi wá gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà olómi máa ń gbẹ nítorí pé omi inú rẹ̀ ti fò lọ. Òróró línsíìdì kì í fò lọ síbì kankan ní tiẹ̀. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń fà sára, ìyẹn ló sì ń sọ ọ́ di líle díẹ̀díẹ̀. Tapẹntáìnì nìkan ló ń fò lọ. Nítorí náà, ọ̀dà tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó le, ara rẹ̀ á sì máa fà, á máa sún, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tí tapẹntáìnì pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń tètè le, ó sì máa ń gan.

Wo ohun tí o ṣe wàyí. Ivory black wà lára àwọn àwọ̀ tó ń mu òróró jù, tó sì ń pẹ́ gbẹ jù. O tún fi òróró kún un, o jẹ́ kó nípọn. Lẹ́yìn náà lo wá fi pupa tí o bu tapẹntáìnì là bò ó. Pupa ti le lókè, dúdú ṣì ń sún nísàlẹ̀. Kò sí bí òkè kò ṣe ní í là. Gbígbẹ lójú kì í ṣe gbígbẹ dénú.

Fi èékánná tẹ ibi tó là. Bó bá tẹ̀ wọnú, mú ọ̀bẹ tí o fi ń po ọ̀dà, dà á dùbúlẹ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ má baà gún aṣọ, kí o ha ibẹ̀ títí tí funfun ìpìlẹ̀ yóò fi hàn. Fi àkísà tó ní tapẹntáìnì díẹ̀ nù ún. Má ṣe fi ọ̀dà tuntun dí ojú lílà o, yóò tún là láti ibẹ̀ náà ni. Raw umber, àwọ̀ ilẹ̀ tó jọ búráùn, ni kí o fi tún òkùnkùn yẹn yà, kó fẹ́lẹ́. Manganísì tó wà nínú umber máa ń mú kí òróró tètè gbẹ, ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta o ti lè kun nǹkan lé e.

Fún àwòrán tó ń bọ̀: ìpele àkọ́kọ́, ọ̀dà àti tapẹntáìnì nìkan. Má là á jù, torí bó bá ti ń ṣàn bí omi, òróró tó so àwọ̀ náà pọ̀ kò tó mọ́, á sì máa bó kúrò. Ìpele kejì, òróró ìdá kan sí tapẹntáìnì ìdá mẹ́ta. Ìpele ìkẹyìn, ìdá kan sí ìdá kan. Nínú àpòpọ̀ yìí, ìkán mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó fún ọ̀dà tó kún ṣíbí tíì kan. Bí òróró bá pọ̀ jù lórí ìpele ìkẹyìn, yóò hunjọ bí awọ ara ọ̀gì tó ti tutù.

Màmá_Kànfáàsì, Lọ́kọ́ja:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ nípa lílà. Ṣíṣá yẹn ní tiẹ̀, ìpìlẹ̀ ló fà á. Ọ̀dà ògiri olówó pọ́ọ́kú, ẹfun ló pọ̀ nínú rẹ̀, ohun tó so ó pọ̀ kò tó nǹkan. Fi ìka gbígbẹ nù ún: bí ìyẹ̀fun funfun bá lẹ̀ mọ́ ìka, á jẹ́ pé yóò máa fa òróró inú ọ̀dà rẹ mu. Ibi tó fà á mu jù ló ṣá.

Fún èyí tó wà nílẹ̀, ó ní bí a ṣe ń fi òróró jí i. Rí i dájú pé ibẹ̀ ti gbẹ lójú. Po òróró línsíìdì àti tapẹntáìnì ní ìdá kan sí ìdá kan. Fi àkísà tí kì í já fọ́nrán, ògbólógbòó ṣẹ́ẹ̀tì òwú dára, tọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí o fi pa ibi tó ṣá nìkan. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o wá fi àkísà mìíràn nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo ní gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù á máa lẹ̀, á sì pọ́n bí ìyeyè bó bá yá. Ibi tí o bá fẹ́ tún kùn lọ́jọ́ náà ni kí o ṣe é fún. Má fi pa gbogbo àwòrán.

Ìpìlẹ̀ tó dáa kò nira. Kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà pa aṣọ náà, gọ́ọ̀mù ìdá kan sí omi ìdá méjì. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí òróró kan òwú, torí bí òróró bá kan òwú, ọdún díẹ̀ ni aṣọ fi máa ń gbó. Bó bá ti gbẹ, kun gẹ́sò, ọ̀dà funfun tí àwọn ayàwòrán fi ń ṣe ìpìlẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta: àkọ́kọ́ lóròó, èkejì níbùú, ẹ̀kẹta lóròó. Fi sáńpépà 220 ha á fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láàárín wọn. Ẹni tí kò bá rí gẹ́sò rà lè po gọ́ọ̀mù mọ́ ẹfun kíkúnná, àmọ́ orí pátákó nìkan ni kó ti lò ó. Lórí aṣọ tó ń rọ̀, tó ń le, yóò fọ́.

Ọmọ_Mọ̀pà:

Lórí funfun tí kò gbẹ: ẹ wo ẹ̀yìn túùbù, nọ́ńbà àwọ̀ máa ń wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ PW6, títáníọ́ọ̀mù ni, bó sì ṣe máa ń pẹ́ náà nìyẹn, pàápàá lásìkò òjò tí afẹ́fẹ́ tutù. Ẹ ní sùúrù fún un. Bí PW4 bá wà níbẹ̀, síńkì ni. Ẹ má fi síńkì ṣe ìpele ìsàlẹ̀, torí ó máa ń gan lẹ́yìn ọdún díẹ̀, á sì là.

Ẹ má gbé e pamọ́ sínú yàrá tó ṣókùnkùn. Òróró kì í tètè gbẹ nínú òkùnkùn, ó sì máa ń pọ́n níbẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn wà ló yẹ ẹ́. Nígbà ọ̀yẹ́, ẹ dojú rẹ̀ kọ ògiri, kí orí rẹ̀ fara ti ògiri, kí ìdí rẹ̀ jìnnà díẹ̀, kí eruku má baà bà lé e. Aṣọ tí ẹ bá nà lásìkò òjò yóò tún le sí i nígbà ọ̀yẹ́, tí ẹ bá sì nà án jù, ó lè lọ́ férémù. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, pátákó pẹlẹbẹ tí gẹ́sò ti bo iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ rọrùn ju aṣọ lọ.

OníBúrọ́ọ̀ṣì_Kàbà:

Mo dúpẹ́ gan-an. Èékánná tẹ̀ wọnú lóòótọ́, màá ha á. Ó ku ìbéèrè méjì. Pupa aṣọ Bùnú yẹn, bí mo bá fi funfun sí i kó lè mọ́lẹ̀, ṣe ló ń di àwọ̀ pínńkì tó ti ṣá. Bí mo bá fi dúdú sí i, ó ń dà bí ẹrẹ̀. Ṣé mo sì lè fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì?

Aláró_Ẹ̀gbẹ̀:

Gbé funfun àti dúdú jìnnà sí pupa yẹn. Funfun máa ń mú kí pupa tutù. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lé lórí ìṣẹ́po aṣọ, fi àwọ̀ ọsàn tàbí yellow ochre, àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n bí ìyeyè, gbé e. Ibi tó ṣókùnkùn, pupa rírẹ̀dòdò àti umber díẹ̀, tàbí àwọ̀ ewé bí-ín-ń-tín.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí o ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́kọ́ ya gbogbo ìṣẹ́po aṣọ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àti òjìji rẹ̀, kí o fi àwọ̀ ilẹ̀ pupa ṣe é, kó mọ́lẹ̀ ju bí o ṣe fẹ́ kó rí níkẹyìn lọ. Bó bá ti gbẹ dáadáa, mú pupa tó ń jẹ́ kí ojú rí ìsàlẹ̀, PV19 dára, kí o fi àpòpọ̀ ìdá kan sí ìdá kan yẹn là á, kí o tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ yóò gba inú rẹ̀ kọjá, yóò sì padà wá láti ìsàlẹ̀. Pupa yẹn á jinlẹ̀ ju èyí tí o pò lórí pátákó ìpo-ọ̀dà lọ. Yẹra fún pupa alizarin àtijọ́, PR83, ìmọ́lẹ̀ máa ń pa á.

Ilẹ̀ pupa yẹn, a kò nílò láti rà á. Irin ló mú kí ilẹ̀ wa pọ́n, àwọ̀ irin yẹn kì í sì í ṣá. Bu ilẹ̀ pupa tó mọ́ sínú omi, rò ó pọ̀, jẹ́ kí yanrìn rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí o da omi pupa tó wà lókè sínú abọ́ mìíràn. Tún un ṣe títí yanrìn kò fi ní í sí mọ́. Jẹ́ kó tòrò, da omi kúrò, sá a gbẹ, lọ̀ ọ́, kí o fi aṣọ fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́. Tẹ́ ìyẹ̀fun náà sórí gíláàsì nínípọn, máa kán òróró línsíìdì sí i díẹ̀díẹ̀, máa fi ọ̀bẹ pò ó títí yóò fi dúró láìṣàn. Bó bá ń dún ṣéréṣéré lábẹ́ ọ̀bẹ, kò tíì kúnná.

Àgbà_Ìsánlú:

Kẹrosíìnì lè ṣan ọ̀dà kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ tí kò ní í gbẹ. Bí o bá lò ó, fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ títí ìfóófòó yóò fi funfun. Má ṣe pò ó mọ́ ọ̀dà láé. Pẹtiróò kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn rárá.

Ọ̀rọ̀ àkísà ni mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Àkísà tó ní òróró línsíìdì, bí o bá ká a jọ sínú igun tàbí inú ike, ó lè gbiná fúnra rẹ̀, torí bí òróró ṣe ń fa ọ́síjìn ló ń gbóná, ooru yẹn kò sì rí ọ̀nà jáde. Tẹ́ ẹ síta lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gan, tàbí kí o rì í sínú omi nínú agolo tó ní ìdérí.

Fánììṣì ńkọ́, má tíì fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ a máa gbà tó oṣù mẹ́fà, èyí tó nípọn lè gba ọdún kan. Rẹ òwú sínú tapẹntáìnì díẹ̀, kí o fi nu igun kan. Bí àwọ̀ bá lẹ̀ mọ́ òwú, kò tíì gbẹ dénú, gbé e padà sára ògiri.