Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù, eré Èkó sì ń bọ̀ lóṣù kejì: báwo ni kí n ṣe ṣètò ara mi?

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, mo fẹ́ ìmọ̀ràn. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù kìíní, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Peckham ni mo máa dé sí. Tí mo bá fi máa padà sí Ìkẹjà, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló máa kù kí a sá kìlómítà 42 ti Èkó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mò ń sáré lọ́sẹ̀, bíi kìlómítà 50 lápapọ̀. Aago 8 sí aago 5 niṣẹ́ ibẹ̀. Ṣé kí n kúkú máa wá treadmill lọ ni, ẹ̀rọ tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ nínú ilé? Mi ò fẹ́ràn nǹkan yẹn rárá. Aṣọ wo ni kí n kó? Òtútù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Baba Ìbejì:
Àbúrò, fi òtútù sílẹ̀. Ooru tí o máa padà wá bá ni kí o bẹ̀rù. Ara tó ti mọ ooru Èkó máa ń tètè làágùn, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i kí ọkàn má baà ṣiṣẹ́ jù. Tí o bá kúrò nínú ooru, omi ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń kọ́kọ́ dínkù, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ. Ẹsẹ̀ á ṣì le o, àmọ́ ọkàn á máa lù kíkankíkan níbi tí kò ti yẹ.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà léra, bí o bá ti sáré dé, kí ara tó tutù, wọ inú báàfù omi gbígbóná dígírì 40, kó mù ọ́ dé ọrùn. Ìṣẹ́jú 15 lọ́jọ́ kìíní, fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lójoojúmọ́ títí á fi dé ìṣẹ́jú 40. Má fọwọ́ wọn omi náà o. Ra thermometer tí wọ́n fi ń wọn omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Bí òòyì bá kọ́ ọ, jókòó sétí báàfù ná kí o tó dìde, torí ìgbà téèyàn bá dìde wùyà ló ń ṣubú. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tó lóyún, kó bi dókítà kó tó dán an wò.

Kọ́lá:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ má sá a lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mẹ́rin tó, bí ẹ kò bá sáà ti pa eré kíkankíkan rẹ́, torí òun ló ń di agbára mú ju iye kìlómítà lọ.

Ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀, ìṣẹ́jú 20 wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, kí ẹ sì tú okùn bàtà díẹ̀, ìjókòó bàálù máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ìṣẹ́jú 10 jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú mẹ́ta kíkan, méjì jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹfà, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 jẹ́jẹ́ parí rẹ̀. Ọjọ́bọ̀: ìṣẹ́jú 40 tí ẹ lè fi máa sọ̀rọ̀. Àárọ̀ Sátidé aago 9, parkrun, eré àjùmọ̀sá, wà ní Burgess Park, kìlómítà 5, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé, kí ẹ tẹ barcode yín dání, láìsí i wọn ò ní kọ àkókò yín sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni eré gígùn: kìlómítà 26 lọ́sẹ̀ kìíní, lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà 20. Ọgbọ̀n yẹn ò gbọdọ̀ sún sí ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ ò ní rí àyè sinmi kí eré tó dé. Lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ sá a, ẹ fi parkrun sílẹ̀. Etí odò Thames láti Tower Bridge sí Greenwich dáa fún un.

Ìyá Dámilọ́lá:
Kọ́lá, kò burú, àmọ́ òkúta ni wọ́n tẹ́ sí Shad Thames, bí òjò bá rọ̀ ó ń yọ̀ bí ilá. Kó rọra rìn ín kọjá.

Àbẹ̀kẹ́, ní ti aṣọ, múra bí ẹni pé ojú ọjọ́ fi dígírì 10 gbóná ju bó ṣe wà. Ó yẹ kí o gbọ̀n díẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn wa máa ń wọ jákẹ́ẹ̀tì fùkẹ̀fùkẹ̀, ní kìlómítà kẹta òógùn ti rin ín gbindin, atẹ́gùn á wá fẹ́ sí i, òtútù gidi dé nìyẹn. Síńgílẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn kan lórí rẹ̀, ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ra, ìbọ̀wọ́, fìlà tó bo etí. Kó má jẹ́ òwú, òwú ń mu omi. Kọjú sí atẹ́gùn lọ, kẹ̀yìn sí i bọ̀.

Ilẹ̀ kì í mọ́ títí di nǹkan bí aago 8, aago 4 ó ti ń ṣú. Nítorí náà òkùnkùn ni o máa fi sáré láàárín ọ̀sẹ̀: ẹ̀wù tó ń tàn bí iná ọkọ̀ bá kàn án, àti Surrey Canal Walk láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé Peckham bọ́ sí Burgess Park, ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ lọ́hùn-ún o! Ọwọ́ ọ̀tún ni kí o gbà tí kò bá sí ibi ìrìn ẹsẹ̀, kí o sì kọ́kọ́ wo ọ̀tún kí o tó sọdá.

Bàtà, gbé e dání wọ bàálù. Bí báàgì bá sọnù, gbogbo nǹkan ló ṣeé rà àfi bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀. Jẹ́ẹ̀lì tí à ń lá lójú eré, fi sínú báàgì ńlá, bí omi ni wọ́n ń kà á ní ẹnu ọ̀nà àyẹ̀wò.

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Kọ́lá náà ṣeun. Baba Ìbejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè: ṣáwà nìkan ló wà nílé tí wọ́n gbà fún mi, kò sí báàfù.

Baba Ìbejì:
Treadmill tí o ń sá fún yẹn náà nìyẹn. Ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn méjì àti jákẹ́ẹ̀tì, pa fáànù iwájú rẹ, ìṣẹ́jú 40 jẹ́jẹ́, ọjọ́ mẹ́fà kan náà. Fi eré Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ pa pọ̀ mọ́ ọn. Wọn ara rẹ lórí òṣùwọ̀n kí o tó gùn ún àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀n tó bá dínkù, omi ni, mu ún padà díẹ̀díẹ̀. Bí òógùn bá dá tàbí tí o bá ń gbọ̀n nínú ooru, sọ̀ kalẹ̀ kíá.