Bàtà pointe: ẹ sọ bí ẹ ṣe rí èyí tó bá ẹsẹ̀ yín mu

Mo ti di àgbà kí n tó bẹ̀rẹ̀ ijó ballet. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ mi ní ẹsẹ̀ mi ti lágbára tó láti gbé mi dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bàtà pointe, ìyẹn bàtà tí wọ́n fi ń jó lórí ìka ẹsẹ̀, ni mo gbà lọ. Obìnrin tó dá mi lóhùn béèrè nọ́ńbà ẹsẹ̀ mi, mo sọ ọ́, kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó tẹjú mọ́ ìka ẹsẹ̀ mi bíi babaláwo tó ń wo ojú ọpọ́n. Ṣé àtàǹpàkò ló gùn jù ni, àbí èyí tó tẹ̀ lé e? Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún ẹsẹ̀ mi láti ẹ̀gbẹ́ kó lè mọ bó ṣe ń sún kì tó. Ó ní, "Ìka yín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹsẹ̀ yín sì fẹ̀. Box tí orí ẹ̀ fẹ̀ ni tiyín. Ẹ má jẹ́ kí ẹwà èyí tó rí ṣóńṣó yìí tàn yín."

Box yìí ni orí bàtà tó le gbagidi. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé igi ló wà nínú ẹ̀. Aṣọ àti pépà ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tò léra wọn títí tó fi gan.

Nígbà tí mo wọ bàtà tó mú wá, ó fún ju bí mo ṣe rò lọ, mo bá ní kó gbé èyí tó tóbi díẹ̀ wá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ya ẹsẹ̀, kí n tẹ orúnkún díẹ̀, torí ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ máa ń gùn jù nínú bàtà. Ìka mi kan orí bàtà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ká kò. Nígbà tí mo dìde sórí ìka, ó fi ìka méjì fa aṣọ gìgísẹ̀ bàtà náà, díẹ̀ báyìí ló rí mú. Ó ní tóun ò bá rí nǹkan kan mú, bàtà kéré. Tó bá kún ọwọ́ òun, ó gùn jù. Ó ní ẹ̀gbẹ́ box ló yẹ kó di ẹsẹ̀ mú gírígírí, kó bá ìka gbé ẹrù. Bí àyè bá ti ṣẹ́ kù, ẹsẹ̀ á rì sínú bàtà, gbogbo ara á wá jókòó sórí àtàǹpàkò.

* * *

Ẹ kú àlàyé o. Ọmọ mi ló ń jó ní tèmi. Ó sunkún títí nígbà tí wọ́n fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láàyè láti wọ bàtà pointe tí olùkọ́ ní kí tiẹ̀ ṣì dúró. Inú bí mi díẹ̀, àfi ìgbà tí olùkọ́ ní kó na ọrùn ẹsẹ̀ níṣojú mi. Kò tíì nà dé ibi tó fi máa lè dúró ṣánṣán sórí góńgó bàtà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í fẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ kó tó tó bí ọmọ ọdún 11 tàbí 12, torí egungun ẹsẹ̀ ṣì ń dàgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀yin òbí, a mọ ara wa: a máa ń ra bàtà ọmọ kó ṣẹ́ kù díẹ̀ kó lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Eléyìí ò gba bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì rán ríbọ́ọ̀nù sí i kí olùkọ́ tó rí i, torí bàtà tí abẹ́rẹ́ bá ti kàn, ṣọ́ọ̀bù kì í sábà gbà á padà. Bí mo bá ń rán tiwa, mo máa ń fi èékánná ti okùn tó gba inú etí bàtà kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí òwú bá gán an mọ́ra, okùn ò ní ṣeé fà mọ́.

* * *

Ẹ dákun, tìmùtìmù jẹ́lì ńkọ́? Mo ń rí àwọn tó ń kì í bọ bàtà títí kò fi sáyè fún ẹsẹ̀. Èmi ò gbà pé oògùn ìrora nìyẹn. Irun àgùntàn díẹ̀ tó mi. Bí èékánná àtàǹpàkò bá ń dúdú, ẹ yẹ bí bàtà ṣe fẹ̀ sí wò ná.

* * *

Òógùn ẹsẹ̀ ló ń pa bàtà yìí. Gọ́ọ̀mù á rọ̀, box á rọ̀, shank, ìyẹn ohun líle tó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ dúró, náà á tẹ̀. Àwọn tó fi ijó ṣiṣẹ́ ṣe lè lo bàtà kan tán nínú eré alẹ́ kan. Lẹ́yìn kíláàsì, ẹ má fi í sínú báàgì. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ike ni ilé iṣẹ́ Gaynor Minden fi ń ṣe shank tiwọn, kì í tètè rọ̀, àmọ́ èmi ò fẹ́ràn bó ṣe máa ń ta padà. Bàtà ilé iṣẹ́ Freed ni mo ń wọ̀. London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1929, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń ṣe é, oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tó ń tẹ̀ sábẹ́ bàtà tiẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti mọ ọwọ́ oníṣẹ́ kan, àmì yẹn ló máa ń wá kiri. Mo mọ ẹni tó sunkún nígbà tí oníṣẹ́ ẹ̀ fẹ̀yìn tì.

* * *

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba àwọ̀. Àwọ̀ bàtà yẹ kó bá ti ẹsẹ̀ mu kí ẹsẹ̀ lè gùn lójú ẹni tó ń wòran. Fún àwa tá a dúdú, ìyẹn ni pé ká máa fi pàǹkéèkì ojú kun sátínì píǹkì. Lọ́dún 2018, Freed àti ẹgbẹ́ oníjó Ballet Black gbé aláwọ̀ búráwùn jáde, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n èmi ṣì ń kun tèmi torí kò sí èyí tó dúdú tó mi. Fóòmù kékeré ni mo fi ń kùn ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí omi bá pọ̀ nínú ẹ̀, box á ti rọ̀ kí n tó jó rárá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wí.