Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó tún ń mú aṣọ gbẹ: kí ni ká wò ká tó rà á n'Íbàdàn?

ÌyáỌmọọwọ́, Akóbọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwa mẹ́rin là ń gbé fúláàtì oníyàrá méjì, ọmọ ọwọ́ sì wà níbẹ̀. Bí òjò bá ti wọlé dé, aṣọ kì í gbẹ lórí okùn mọ́, á kàn máa rùn. Àyè ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà ní kíṣìnnì, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ èyí tó ń fọṣọ tó sì ń mú un gbẹ. Àwọn tó ń tà á ní Dùgbẹ̀ ní kílò 8 ti tó. Ní ti iná ọba, Band B la wà, jẹnẹrétọ̀ wa jẹ́ 3.5 kVA, omi kànga ẹ̀rọ ló ń wọ táǹkì wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Atẹ́rọṣe, Bódìjà:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, màmá. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára ẹ̀rọ yìí, èyí tó tóbi sì ni ọlọ́jà máa ń dárúkọ. Bí ẹ bá rí 8/5, kílò 8 ló ń fọ̀, kílò 5 péré ló lè mú gbẹ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá kó kílò 8 sí i, tó ní kó fọ̀ ọ́ kó sì gbẹ ẹ́ láìdúró, aṣọ tútù tó ti hunjọ ló máa kó jáde, torí atẹ́gùn gbígbóná ò ráyè kọjá. Nọ́ńbà kékeré ni kí ẹ fi ra ọjà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì méjì pẹ̀lú táwẹ̀lì ìwẹ̀ ńlá mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kílò 5. Fún ilé yín, ẹ wá 9/6 tàbí 10/6.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá gbẹgẹ́. Hítà tó ń mú omi gbóná máa ń fa bíi wáàtì 2,000, ti gbígbẹ sábà máa ń wà láàárín 1,000 sí 1,500. 3.5 kVA lè gbé e bí ẹ bá fi omi tútù fọ̀, tí pọ́ǹpù àti áyọ́ọ̀nù ò sì sí lórí iná. Àmọ́ ká máa fi bẹntiróòlù gbẹ aṣọ fún wákàtí mẹ́ta, owó ẹ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí ni iná tó bá rẹlẹ̀. Hítà wáàtì 1,500 ní fóòtì 230 ò ní ṣe ju bíi 730 lọ bí iná bá já sí 160. Ẹ̀rọ á máa yí títí, aṣọ ò ní gbẹ, wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Ẹ ra sitẹbiláísà 5 kVA, irú èyí tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná wọlé. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló sábà máa ń jó bọ́ọ̀dù (ọpọlọ ẹ̀rọ náà), bọ́ọ̀dù ò sì ṣe é rà ní pọ́ọ́kú.

Páìpù, Challenge:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti iná, ẹ jẹ́ kí n fi ti omi kún un. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ló ń fẹ́ kí agbára tí omi fi ń tì wọlé tó bar 0.5 ó kéré tán. Mítà kan tí omi bá fi ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, bar 0.1 ló ń fún yín, nítorí náà ìdí táǹkì gbọ́dọ̀ fi bíi mítà 5 ga ju ibi tí hóòsì ti wọlé. Táǹkì orí òpó mítà 3 ò lè dé bẹ̀. Omi á máa ro tóótòòtó, ẹ̀rọ á dá dúró, á kọ IE tàbí 4C sójú (àmì pé omi ò wọlé dáadáa). Pọ́ǹpù kékeré tó ń tan ara rẹ̀ bí omi bá ti ń lọ ló máa yanjú ẹ̀.

Gbígbẹ pàápàá ń mu omi o. Púpọ̀ nínú wọn, omi tútù ni wọ́n fi ń sọ oru inú ẹ̀rọ di omi kí wọ́n tó dà á nù. Bí táǹkì bá gbẹ láàárín, ó tán nìyẹn. Ẹ fi fílítà onímáíkírọ́ọ̀nù 5 sára páìpù nítorí ìpẹtà àti iyanrìn, kí ẹ sì máa yọ asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu hóòsì fọ̀. Hóòsì tó ń da omi nù, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí 100 láti ilẹ̀. Bó bá wà nílẹ̀, bí omi ṣe ń wọlé náà ni yóò máa ṣàn jáde.

ÒòrùnỌ̀fẹ́, Mọ́kọ́lá:
Ní tèmi, ẹ̀rọ ìfọṣọ lásán tó ń yí 1,400 ní ìṣẹ́jú kan ti tó. Nínú aṣọ kílò 5, bíi lítà 2.5 omi ló máa ṣẹ́kù. Èyí tó ń yí 1,000 lè fi lítà 3 sílẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fáànù kún un, ó parí.

ÌyáỌmọọwọ́, Akóbọ̀:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ará Mọ́kọ́lá, ọmọ ọwọ́ ò mọ̀ pé òjò ń rọ̀ o! Léèsì àti àdìrẹ ńkọ́? Ọṣẹ wo ló dáa?

Atẹ́rọṣe, Bódìjà:
Léèsì àti aṣọ òkè, ẹ má gbẹ wọ́n nínú rẹ̀. Àdìrẹ tuntun, ẹ fi omi tútù fọ òun nìkan, kí ẹ sì sá a síbi ìbòòji.

Ọṣẹ ìfọwọ́fọ̀ máa ń hó jù. Ìhó náà á gòkè wọ ọ̀nà atẹ́gùn, òwú wẹ́wẹ́ tó já lára aṣọ á lẹ̀ mọ́ ọn, gbígbẹ á sì máa pẹ́ sí i. Ẹ ra ọṣẹ tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ti ẹ̀rọ ni. Lẹ́yìn gbígbẹ méjì-mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó fi omi lásán ṣan inú láìsí aṣọ, ẹ nu rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ sì tú fílítà ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé, ẹ yọ bóòtù ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó tàn án (mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́), kó má baà máa fò káàkiri ilé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọlọ́jà bóyá bóòtù ni wọ́n fi de ike ńlá tó gba omi, tó yí ìlù inú rẹ̀ ká, àbí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, bí bẹ́árìn (irin tí ìlù fi ń yí) bá lọ, ike náà àti ìlù inú rẹ̀ lápapọ̀ lẹ máa rà. Ẹ tún bi í bóyá páàtì rẹ̀ wà n'Íbàdàn níbí, àbí Èkó ni wọ́n á ti máa lọ kó o wá.