Onírun, agbóhùnsókè, àbí elégbè: orúkọ wo ló yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú etí?

Ẹ̀yin ará tí ọ̀rọ̀ èdè jẹ lógún, mo kí yín. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe àwọn sẹ́ẹ̀lì inú etí tí òyìnbó fi irun sọ lórúkọ ní “sẹ́ẹ̀lì onírun”, kí á sì máa pe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí ìró ní “ìgbóhùnsókè”, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Mo mọ rírì iṣẹ́ ẹni tó dá àbá náà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Irun etí ti wà nínú èdè wa tẹ́lẹ̀: òun ni irun tó ń hù lẹ́nu ihò etí àwọn àgbà ọkùnrin. Bí a bá sọ fún ìyá kan pé sẹ́ẹ̀lì onírun etí ọmọ rẹ̀ ti kú, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Irun tí a bá fá a sì máa hù padà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, bí wọ́n bá ti kú nínú etí ènìyàn, wọn kì í hù mọ́. Ohun tó wà lórí wọn kì í tilẹ̀ ṣe irun. Ọ̀pá wẹ́wẹ́ ni, tí a tò bí àtẹ̀gùn, tí okùn tín-ín-rín so orí èyí tó kúrú mọ́ ara èyí tó ga. Bí ìró bá mi omi inú ìgbín etí (bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe ihò egungun tó ká bí ìkarahun ìgbín), àwọn ọ̀pá náà á tẹ̀, okùn á fà, ojú ihò kékeré á ṣí, agbára iná mànàmáná inú sẹ́ẹ̀lì á sì yí padà. Mo ti rò ó wò pé kí á fi wọ́n wé ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n “sẹ́ẹ̀lì ọlọ́wọ̀” á bá ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kọlu ara, mo sì fi í sílẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, oríṣi méjì ni wọ́n, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Ti inú wà ní ìlà kan ṣoṣo, nǹkan bí 3,500 nínú etí kan, àwọn ló sì ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Ti òde wà ní ìlà mẹ́ta, nǹkan bí 12,000, iṣẹ́ tiwọn sì ni kí wọ́n máa jó. Ní 1985, William Brownell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí agbára iná inú wọn bá yí padà, wọn a máa sún kì, wọn a sì máa nà. Ní 2000, àwọn tó ń bá Peter Dallos ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Northwestern rí pùròtéènì tó ń mú wọn ṣe é, wọ́n sì pè é ní prestin, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn olórin fi ń sọ pé kí orin yá. Bí ẹni tó ń ti ọmọdé lórí jangirọ́fà, tó mọ ìgbà tó yẹ kí ó tì í, ni wọ́n ṣe ń fi agbára tiwọn kún ìmìtìtì tí ìró bá mú wá.

Thomas Gold ti sọ ní 1948 pé ó ní láti jẹ́ pé etí ní agbára tirẹ̀ tó ń fi kún ìró, wọn kò sì kà á sí. Ní 1978 ni David Kemp, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi makirofóònù kékeré gbọ́ ìró tó ń ti inú etí fúnra rẹ̀ jáde. Èyí, tí wọ́n ti ń fi yẹ etí ọmọ tuntun wò báyìí, ni mo rò pé “gbohùngbohùn etí” bá mu.

Ní ti agbóhùnsókè, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àti igbe, ọ̀kan náà ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe sí wọn. Etí kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìró tó rẹlẹ̀ gan-an ni àwọn sẹ́ẹ̀lì òde ń gbé sókè ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kan kún igbe. Nígbà tí etí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, wọ́n á ní, “Sọ̀rọ̀ sókè”, bí mo bá gbé ohùn sókè díẹ̀, wọ́n á ní, “Ṣé o fẹ́ fọ́ mi létí ni?” Inú máa ń bí wa nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí mo kà nípa sẹ́ẹ̀lì òde ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ lẹ́ẹ̀mejèèjì: ohun tó ń ran ohùn kékeré lọ́wọ́ ló ti lọ, ohùn ńlá sì wà bó ṣe wà.

Ìdí nìyí tí mo fi dá àbá “sẹ́ẹ̀lì ajíṣẹ́” fún ti inú àti “sẹ́ẹ̀lì elégbè” fún ti òde. Ẹnìkan lè ní elégbè a máa dúró kí ẹni tó ń lé orin parí kí ó tó dáhùn, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì yìí kì í dúró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbígbè tó wà nínú gbígbe orin náà ló wà nínú gbígbè lẹ́yìn ẹni, kò sì sí ìdúró nínú ìyẹn. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ á wá jẹ́ “ègbè etí”. Kí á má ṣe so gbè pọ̀ mọ́ ohùn, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ gbè á di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, a ó sì tún bá ara wa nídìí gbohùngbohùn. Ẹni tó bá sì ń kọ ọ́ síwèé, kó jọ̀wọ́ fi àmì ohùn sí i, kí ègbè má baà di ègbé.