Elégédé ń yọ òdòdó àmọ́ kò so: ṣé oyin ni kò wá ni àbí ilẹ̀ ni kò dáa?

Ọlọ́gbà Tuntun:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yìnkùlé ilé ni, ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn. Ilẹ̀ tí íńtálọ̀ọ̀kì kò bò kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú, 20 lóròó lọ, fẹ́ǹsì sì yí i ká. Ebè elégédé 4 ló wà níbẹ̀, kùkúńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòmátì 6 wà nínú àpò. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 8 tí elégédé ti wà nílẹ̀. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, òdòdó ń yọ lójoojúmọ́, àmọ́ èso tó wà nídìí òdòdó kì í ju àtàǹpàkò lọ tí á fi pọ́n, tí á sì já bọ́. Omi òjò máa ń dúró lórí ilẹ̀ náà, tó bá sì gbẹ tán, á le bí àpáta. Gbogbo àárọ̀ Sátidé la máa ń fín ọ̀tápiápiá sí i nítorí kòkòrò tó ń lu ewé. Ṣé kí n ra fẹ́tílaísà ni? Ẹnì kan tún ní kí n gbé ilé oyin sẹ́yìnkùlé.

Àgbẹ̀ Ìlú:
Ẹ má tíì ra fẹ́tílaísà rárá. Elégédé tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ kò kígbe ebi. Tí ẹ bá tún da yúríà lé e, ewé ló máa fi dáhùn, òdòdó á tún dín kù.

Àárọ̀ ọ̀la, kí aago 7 tó lù, ẹ gbé àpótí lọ jókòó tì í. Òdòdó elégédé máa ń là bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti pa ẹnu dé, kò sì ní là mọ́ láéláé. Wákàtí mélòó kan yẹn ni gbogbo àǹfààní tó ní. Akọ òdòdó ni èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Abo ni èyí tí èso róbótó kékeré wà nídìí rẹ̀. Àtíkè yẹ́lò tó wà nínú akọ wúwo, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka, afẹ́fẹ́ kò lè gbé e. Àfi kí kòkòrò fi ẹsẹ̀ gbé e látinú akọ lọ sínú abo. Tí kò bá dé ibẹ̀, èso náà á pọ́n, á súnkì, á já. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe gan-an nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ pé èso tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó jẹrà ni, ǹ bá ní omi àti ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15, ẹ ka iye oyin tó wọnú òdòdó. Kí wọ́n tó pọ̀ padà, ọwọ́ yín ni kó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ já akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ fa àwọ̀ yẹ́lò ara rẹ̀ ya kúrò kó ku ọ̀pá àárín tí àtíkè wà lórí rẹ̀. Ẹ wá rọra fi ra àárín abo tó là lọ́jọ́ náà, yíká gbogbo orí rẹ̀, kí apá kan má ṣẹ́ kù. Akọ 1 tó abo 2. Kí aago 9 tó lù ni o, torí bí oòrùn bá ti mú, àtíkè náà ti ń kú lọ. Òjò àárọ̀ náà máa ń bà á jẹ́, nítorí náà ẹ má bá ara yín wí tí ti ọjọ́ òjò bá já bọ́. Èyí tó bá mú, láàárín ọjọ́ 5 ẹ máa rí i pé ó ti ń wú, ọrùn rẹ̀ á sì máa tẹ̀ wálẹ̀.

Kùkúńbà tí ìdí rẹ̀ tóbi tí orí rẹ̀ rí tíńrín, àtíkè tó dé ibẹ̀ ni kò tó. Àmọ́ ẹ wo ara páálí irúgbìn yín: àwọn irú kùkúńbà kan wà tí kò nílò oyin kí wọ́n tó so.

Olóyin:
Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ilé oyin kúrò nílẹ̀: rárá o. Oyin ilẹ̀ wa kì í gba ìfọwọ́rá. Ilé oyin kan tó kún lè ní oyin tó ju 20,000 lọ. Ariwo jẹnẹrétọ̀, òórùn òógùn, ajá tí a so mọ́lẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn lè bí wọn nínú, wọn kì í sì í yan ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yìnkùlé ẹsẹ̀ bàtà 12 tí aládùúgbò ń sá aṣọ lódìkejì fẹ́ǹsì kọ́ là ń gbé irú ẹ̀ sí. Ẹ kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Oyin máa ń fò tó kìlómítà 2 sí 3 láti wá oúnjẹ, nítorí náà àwọn tó wà nínú ihò igi àti abẹ́ òrùlé àdúgbò yín lè dé ọ̀dọ̀ yín láìsí ìnira.

Ọ̀tápiápiá ni ọ̀tá. Àárọ̀ Sátidé tí ẹ ń fín in, òdòdó là sílẹ̀, oyin wà nínú rẹ̀. Dichlorvos ló wà nínú púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ yẹn. Kò dìgbà tó bá kan kòkòrò lára, èéfín rẹ̀ nìkan tó láti pa á. Oyin tó sì gbé díẹ̀ lọ sílé lè kú lójú ọ̀nà tàbí kó kó o ran àwọn tó kù. Bákan náà, ìgò tí kò sí ìwé lára rẹ̀ tó sọ ìwọ̀n tí a ń lò àti iye ọjọ́ tí a máa dúró kí a tó jẹ nǹkan náà, kò yẹ kó súnmọ́ kùkúńbà tí à ń jẹ ní tútù. Tí ẹ bá rí cypermethrin tàbí lambda-cyhalothrin lára ìgò mìíràn, ẹ má rò pé ìyẹn yàtọ̀: wọ́n ń pa oyin náà.

Kòkòrò pupa rúsúrúsú tó ń lu ewé elégédé máa ń lọ́ra ní ìdájí, òtútù kì í jẹ́ kó lè fò. Ẹ mú ike tí omi ọṣẹ wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ ewé, ẹ gbọn ewé náà. Wọ́n á já sínú rẹ̀. Ọjọ́ 4 léraléra, wọ́n á dín kù gidi. Fún àwọn wínníwínní tó máa ń ṣù sábẹ́ ewé, ọṣẹ olómi ṣíbí tíì 1 nínú omi lítà 1 ti tó. Ẹ fín in kó kàn wọ́n lára, torí tó bá ti gbẹ kò ní agbára mọ́. Ẹ má pọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, á jó ewé. Tí ẹ bá fẹ́ lo omi ewé dóńgóyárò, aago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí oyin ti wọlé tí òdòdó elégédé sì ti padé. Ẹ má fín in sórí òdòdó efinrin, ìyẹn kì í padé.

Tòmátì yàtọ̀. Àtíkè rẹ̀ há sínú òpó kékeré bí iyọ̀ nínú ìgò oníhò, àfi kí nǹkan gbọ̀n ọ́n kó tó dà jáde. Oyin tó ń ṣe afárá kò mọ̀ ọ́n gbọ̀n. Oyin dúdú gìrìwò tó máa ń lu igi òrùlé, èyí tí gbogbo ayé ń fi ìgbálẹ̀ lé, òun ló mọ iṣẹ́ náà: á di òdòdó mú, á kùn hùùù, àtíkè á dà sí i níkùn. Ẹ gbé igi gbígbẹ tàbí ọparun kan ti fẹ́ǹsì fún un, bóyá á fi òrùlé yín sílẹ̀. Kó tó dé, ẹ máa fi ìka ta ọrùn òdòdó tòmátì ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀, tí ìrì bá ti gbẹ.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:
Ẹ kú àlàyé, Olóyin. Èmi fẹ́ fi oúnjẹ wọn kún un. Elégédé nìkan kò lè mú kí oyin máa wá, torí ó ní àsìkò. Efinrin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: tí ẹ bá ní ìdí 6, ẹ máa já ewé 4, kí ẹ jẹ́ kí 2 máa yọ òdòdó. Àwa obìnrin la máa ń já a mọ́lẹ̀ pátápátá kó má baà "gbó", bẹ́ẹ̀ òdòdó funfun wínníwínní yẹn ni oyin ń wá. Ẹ gbin òtílì sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, ẹsẹ̀ bàtà 3 síra. Oyin fẹ́ràn òdòdó rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ń tún ilẹ̀ ṣe, ẹ ó sì rí nǹkan sè. Ewúro tí ẹ kò bá gé láti oṣù 10 á yọ òdòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àsìkò tí ewé Akíntọ́lá náà ń yọ òdòdó lẹ́bàá títì. Kí oṣù kankan má kọjá láìsí òdòdó nílé, ibẹ̀ ni ẹ fojú sí.

Omi ńkọ́? Àwo pẹlẹbẹ, òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ kí orí òkúta yọ lójú omi, kí wọ́n má baà rì. Ẹ máa dà á nù, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì, torí tanwíjí. Ẹ má fi ṣúgà sí i, èèrà ni ẹ máa pè.

Ilẹ̀ Dúdú:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ oyin tó. Omi tó ń dúró yẹn ń pa gbòǹgbò lọ́wọ́, kò kàn tíì hàn lára ewé ni.

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ilé tuntun kì í sábà jẹ́ ilẹ̀ gidi. Ohun tí wọ́n gbẹ́ nídìí fáúndéṣọ̀n ni wọ́n tẹ́ sókè, mọ́tò tó kó yẹ̀pẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti po sìmẹ́ǹtì. Ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà 1 sísàlẹ̀, ẹ bu omi kún un, kó fà tán, ẹ tún bu omi kún un. Tí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí kò bá lọ sílẹ̀ tó íǹṣì 1 láàárín wákàtí 1, ilẹ̀ ti dì. Ẹ má da iyanrìn sí i kó lè tú o! Amọ̀ àti iyanrìn díẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń dì.

Ajílẹ̀ ló ń tú ilẹ̀. Ẹ ṣe òkìtì ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú, 3 lóròó, 3 lókè. Tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í gbóná. Nǹkan gbígbẹ rọ́bà pẹ́ńtì 3 (ewé gbígbẹ, koríko, páálí tí a fà ya) sí nǹkan tútù 1 (èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu, ẹ̀fọ́ tó ti rọ, ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀). Tí ẹ bá rí jogbo, ewéko olódòdó yẹ́lò ẹ̀bá títì yẹn, ẹ gé e wá, ewé rẹ̀ lóúnjẹ ilẹ̀ nínú gan-an. Kí ẹran, ẹja àti epo má wọ ibẹ̀, èkúté ló ń pè. Ẹ wọ́n omi sí i: tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kí ẹ̀kán 1 tàbí 2 jáde, kó má ṣàn. Ní ọjọ́ 4, ẹ ki irin bọ àárín rẹ̀, ẹ fà á yọ, kó gbóná tí ọwọ́ kò fi ní lè dì í mú pẹ́. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òórùn tó ń ta ojú fi hàn pé ìgbẹ́ adìẹ ti pọ̀ jù, ẹ fi gbígbẹ kún un. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́, omi ti pọ̀, afẹ́fẹ́ kò dé inú. Ẹ yí i. Tí kò bá gbóná rárá tó sì gbẹ, omi ni. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 á máa run bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ebè 4, kọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú lóròó, tí a bá tẹ́ ajílẹ̀ nípọn íǹṣì 2 sí i: bíi rọ́bà pẹ́ńtì lítà 4 lọ́nà 42. Òkìtì kan á ká a, á tún ṣẹ́ kù. Ẹ pò ó mọ́ íǹṣì 6 òkè, nígbà tí ilẹ̀ bá lọ́rinrin díẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn òjò ńlá. Ọkọ́ tó bá wọ amọ̀ tútù, ṣe ló ń rẹ́ ẹ bí ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi koríko gbígbẹ íǹṣì 2 sí 3 bo ojú ilẹ̀, kó má kan ìdí igi. Ekòló á wá fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má bo gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ibi tí oòrùn ń pa sílẹ̀ láìbò, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2. Ọ̀pọ̀ irú oyin ni kì í ṣe afárá, ihò ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Tí ẹ bá rí ihò tó rí bí ojú ìṣó, tí yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ yí i ká, ẹ má da omi gbígbóná sí i.

Ọlọ́gbà Tuntun:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Àárọ̀ 3 la kà: oyin 2, 0, 3 ní ìṣẹ́jú 15. Omi inú ihò gba wákàtí 5 kó tó lọ sílẹ̀ ní íǹṣì 2. Abo òdòdó 5 la fi ọwọ́ ra, 3 ti ń wú. Ọ̀tápiápiá ti dópin. Eérú àdògán wà rẹpẹtẹ nílé, ṣé kí n dà á sílẹ̀ náà?

Ilẹ̀ Dúdú:
Ẹ dúró ná. Ẹ bu ilẹ̀ gbígbẹ ṣíbí 2 láti ojú ibi 3, ẹ da fínígà díẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ tẹ́tí sí i pẹ̀lú.

Ọlọ́gbà Tuntun:
Èyí tó wà nítòsí fẹ́ǹsì hó ṣììì. Àwọn 2 tó kù kò ṣe nǹkan kan.

Ilẹ̀ Dúdú:
Sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀. Ẹ má fi eérú kan ibẹ̀ rárá, nǹkan kan náà ni wọ́n ń ṣe fún ilẹ̀. Ewé á máa pọ́n láàárín iṣan rẹ̀, iṣan á ṣì tutù. Ẹ ṣa àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kúrò, ẹ fi búlọ́ọ̀kù tó dáa ṣe àlà yípo rẹ̀, kí ẹ kó ilẹ̀ dúdú àti ajílẹ̀ sínú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 kí ẹ tó gbin nǹkan. Ní ibi 2 tó kù, ẹ̀kúnwọ́ eérú 1 fún ibi tó tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 3, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ má sì da eérú sórí òkìtì tí ìgbẹ́ adìẹ wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ.

Àgbẹ̀ Ìlú:
Ẹ so àwọn 3 tó ń wú yẹn mọ́ nǹkan tàbí kí ẹ fi páálí tẹ́ ẹ nídìí. Ilẹ̀ tí omi ń dúró lórí rẹ̀ máa ń jẹ ìdí elégédé rà kó tó gbó.