Owó ẹgbẹ́ ń lọ sókè, àwọn tó ń dá a ń dín kù. Kí lẹ ṣe níbi tiyín?

Akọ̀wé_Kétu

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará ibí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan lágbègbè Kétu ní Benin níbí, mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà torí àwọn kan níbí máa dá wa mọ̀. Iṣẹ́ wa ò ju ẹyọ kan lọ: tí rántírẹ́ẹ̀ (ìgbà tí ilé-ìwé ń wọlé) bá ti ń bọ̀ a máa ń ra báàgì, káyé (ìwé ìkọ̀wé), bíìkì àti aṣọ kakí fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ò rí já jẹ, ti ọmọ kan ń lọ sí bíi 12,000 sẹ́fà.

Lánàá mo jókòó ti àwọn ìwé tí akápò wa àtijọ́ fi sílẹ̀ (ó kú ní 2019, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere), mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ní 2016 èèyàn 112 ló ń san 2,000 lóṣooṣù, ìyẹn 2,688,000 lọ́dún. Lọ́dún tó kọjá, 31 péré. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá pọ̀ ju ti 2016 lọ, 3,244,000! Ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà lókè òkun ló fi 2,500,000 ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nípàdé gbogbo wa pàtẹ́wọ́, a ní ẹgbẹ́ ń dàgbà, èmi náà pàtẹ́wọ́ mi ò ní parọ́, àfìgbà tí mo wá ṣírò ẹ̀ lánàá pé ká ní ẹ̀gbọ́n yìí ò rántí wa lọ́dún yìí, 744,000 ló máa wà nílẹ̀, báàgì 62 nìyẹn, dípò 270. Ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n náà sì ti ń sọ fún alága pé kí wọ́n tẹ fótò òun sára báàgì.

Ṣé bó ṣe rí níbi tiyín náà nìyí? Ibo làwọn tó ń dáwó tẹ́lẹ̀ gbà lọ? Ká wá ẹni ńlá kejì ni, àbí ká padà sídìí 2,000, 2,000? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" dá mi lóhùn, òun la fi ń ṣí gbogbo ìpàdé.

Ọmọ_Ouando

Akọ̀wé ẹ kú iṣẹ́. Èmi ti jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn, àfi pé tiwa kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlú, ONG ni (àjọ aláàánú tí kì í ṣe ti ìjọba), iṣẹ́ ìlera, owó Amẹ́ríkà ló ń gbé wa ró. Lọ́jọ́ 20 oṣù kìíní 2025, ọjọ́ tí Trump búra gan-an, ló fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dá owó ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Kò pẹ́ táwa náà fi gba iṣẹ́ pé ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ bá a dé. Mọ́tò wà níta, epo wà nínú ẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ní 10 oṣù kẹta, Rubio tó jẹ́ mínísítà ilẹ̀ òkèèrè wọn ní àwọn ti fagi lé ìdá 83 nínú 100 iṣẹ́ USAID, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń pín owó ìrànlọ́wọ́ yẹn, nígbà tó fi máa di 1 oṣù keje wọ́n ti ká USAID fúnra ẹ̀ nílẹ̀, nǹkan tó ti wà láti 1961. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń ta kátọ́ọ̀nù ohun èlò ilé báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe Trump nìkan. OECD, àwọn tó máa ń ka owó ìrànlọ́wọ́ táwọn ìjọba ńláńlá ń fi síta, sọ pé ọdún márùn-ún léra wọn lowó yẹn fi ń gòkè kó tó já wálẹ̀ ní 2024 pẹ̀lú ìdá 7.1 nínú 100, Trump ò tíì wọlé nígbà yẹn o. Jámánì, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń dín tiwọn kù. Ọdún márùn-ún yẹn la fi ń gbà ọ́fíìsì tó tóbi sí i.

Èyí tó sì ń dùn mí títí di òní ni pé nígbà tá a ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́nì kan láwọn abúlé yẹn tó wá béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. A ò gba fránkì kan lọ́wọ́ wọn rí, a ò bi wọ́n léèrè ohunkóhun rí, iṣẹ́ òyìnbó ni lójú wọn, òyìnbó ti kó o lọ, ó tán. Àwọn obìnrin méjì kan tó ń bá wa yẹ àwọn ọmọdé wò ṣì ń ṣe é lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn nìkan ló ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ ọdún mẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kí 31 yẹn bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Àgbà_Maryland

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìsàkẹ́tẹ́ ni mí, ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà ní Amẹ́ríkà níbí. Ohun tí akọ̀wé rí nínú ìwé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àwọn ará ibí náà ń kígbe lé lórí. Ní 2000, nínú ilé 100 ní Amẹ́ríkà, 66 ló ń dáwó fún iṣẹ́ àánú. Nígbà tó di 2018, ó ti já wá sí 49.6, kò tiẹ̀ tó ìdajì mọ́. Síbẹ̀ owó ò dín, ní 2024 gbogbo ohun tí wọ́n dá jẹ́ bílíọ̀nù dọ́là 592.5. Àwọn olówó ló ń gbé e. Obìnrin kan báyìí, MacKenzie Scott tó jẹ́ ìyàwó Jeff Bezos tẹ́lẹ̀, kàn máa ń fi owó ńlá ránṣẹ́ sáwọn ẹgbẹ́, kò ní kí wọ́n kọ rapọ́ọ̀ gígùn, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi ṣe. Bill Gates náà ní kí fáwùndéṣọ̀n òun tì ní 2045 lẹ́yìn tó bá ti ná gbogbo ẹ̀ tán. Ó dáa, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá yí ọkàn pa dà láàárọ̀ ọjọ́ kan ńkọ́?

Ohun tó fà á pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bíi ti àwọn òbí wọn, ibẹ̀ ló sì jẹ́ pé wọ́n ti ń gbé igbá owó kiri. Owó ilé gbówó lórí. Òfin owó-orí tí wọ́n ṣe ní 2017 náà dá kún un: tẹ́lẹ̀ èèyàn máa ń kọ ohun tó fi tọrẹ sílẹ̀ kí wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó-orí ẹ̀, òfin tuntun wá sọ iye tí wọ́n ń yọ fún gbogbo èèyàn di ńlá, ọ̀pọ̀ ò wá rí ìdí láti máa kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́.

Àmọ́ kí n má fi ìwé ìròyìn bojú. Èmi fúnra mi wà lára àwọn tó dákẹ́ nínú ẹgbẹ́ ìlú mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi san, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láàárín ọdún mẹ́rin yẹn ni fótò ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní àjọ̀dún ẹgbẹ́. Mi ò bínú, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mo kàn dáwọ́ dúró, ẹ sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó pè mí? Ìyẹn ló dùn mí ju màlúù lọ.

Mọ̀nmọ́_Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé èèyàn ò fúnni ní nǹkan mọ́, irọ́ ni. Mo ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ jẹ́ n ka oṣù tó kọjá fún yín. Ìsìnkú méjì, aṣọ ẹbí ọ̀kan. Ọmọ àbúrò ọkọ mi tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, mo fi MoMo (owó orí fóònù) ránṣẹ́. Ìkómọ mẹ́ta. Sàráà ọjọ́ Jímọ̀ èyí ò ṣé kà. Gúrúùpù WhatsApp mẹ́fà ni mo wà, kò sí ọjọ́ tí wọn ò gbé fótò ẹnì kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wá pé ẹ ṣàánú, nígbà míì ó tún jẹ́ pé fótò yẹn ti wá láti ibòmíràn, ọmọ Ghana ni, wọ́n ti fi gba owó lọ́wọ́ àwọn míì lọ́dún tó kọjá. Owó tó ń jáde lọ́wọ́ mi báyìí pọ̀ ju ìgbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ lọ, kì í kàn ṣe inú ìwé ẹgbẹ́ ló ń wọ̀. Ìyẹn làwọn 81 yẹn ń ṣe, akọ̀wé, wọn ò di ahun, ẹnu tó ń bèèrè ló pọ̀.

2,000 lóṣù náà sì le. Ẹ̀yin olówó oṣù lẹ máa ń ronú lóṣooṣù, àwa ọlọ́jà ojoojúmọ́ la fi ń rí owó. Ẹ wo bí alájọ ṣe ń ṣe é: ó ní káàdì, ojú 31 wà nínú ẹ̀, àràárọ̀ ló ń wá síwájú ìsọ̀ mi, mo fún un ní 500, ó fi bíìkì ṣe àmì, tóṣù bá parí ó kó tèmi fún mi, ó mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ẹ̀. Mi ò tíì pa ọjọ́ kan jẹ rí! Kì í ṣe pé mo jẹ́ olóòótọ́ èèyàn o, torí pé ó ń dúró síwájú mi ni. Ẹ lọ bá alájọ ọjà yín ní Kétu, ẹ ní kẹ́ni tó bá fẹ́ máa fi 50 sẹ́fà kún tiẹ̀ fún báàgì àwọn ọmọ. Ẹ fún alájọ náà ní nǹkan, ẹ má sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Àlàájì_kékeré

Mọ̀nmọ́, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: sàráà àti sàká kì í ṣe ọ̀kan náà. Sàráà, bó bá ṣe wù ẹ́. Sàká ní òdiwọ̀n, ìdá 2.5 nínú 100 ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹ fún ọdún kan gbáko tó bá ti tó ìwọ̀n, oríṣi èèyàn mẹ́jọ ni Kùránì sì dárúkọ pé kí wọ́n fún. Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ gba sàká lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ìlú, káyé ọ̀tọ̀, àpò ọ̀tọ̀, ọmọ tálákà ni kó lọ bá, kò gbọdọ̀ wọnú owó tẹ́ńtì àti àga ìpàdé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pò ó pọ̀, ìjà ibẹ̀ ò tíì parí.

Ṣábẹ̀ẹ́_lókè

Fótò ẹ̀ lára báàgì, kí ló pa yín lára níbẹ̀? Ẹ tẹ̀ ẹ́! Kí Kérésì tó dé ọmọ á ti fi ẹrẹ̀ kùn ún lójú.

Kẹ́ ẹ má jẹ owó yẹn tán lẹ́ẹ̀kan náà lẹ máa ṣọ́. Ìdajì báàgì, ìdajì nǹkan tó máa bí owó, ìsọ̀ tẹ́ ẹ lè fi háyà, tàbí ilẹ̀ kájú. Ẹ wo Songhaï tó wà ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀, àlùfáà Nzamujo ló dá a sílẹ̀ ní 1985, wọ́n ń gba ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin ẹja, wọ́n ń ta omi èso, èèyàn ń sanwó sùn níbẹ̀, èèyàn ń sanwó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Mélòó lẹ rí nínú àwọn ONG tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn tó ṣì wà? Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ di Songhaï o, igi kájú ogún náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ará_Montreuil

@Ṣábẹ̀ẹ́_lókè ẹ̀gbọ́n ẹ pa mí lẹ́rìn-ín 😂 Akọ̀wé, tẹ́ ẹ bá ní àwọn ọmọ ìlú ní Faransé, níbí tó o bá fi owó tọrẹ fún ẹgbẹ́ tó yẹ, ìjọba máa ń dá 66 nínú 100 ẹ̀ pa dà fún ẹ nínú owó-orí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ara wọn nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún, ìsìnkú ara wọn, àríyá ara wọn, kò sí nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé lè wọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe ìwé ẹ̀ dáadáa. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má fúnra yín kọ rẹsú (ìwé ẹ̀rí owó) fún ẹnikẹ́ni, ìtanràn ń bẹ lórí ẹ̀.

Akọ̀wé_Kétu

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá alájọ méjì sọ̀rọ̀, ọ̀kan gbà, èkejì ní òun ò fẹ́ kí wọ́n pe òun lólè lọ́jọ́ iwájú, ó yé mi.

Ọ̀rọ̀ Àgbà Maryland ni kò jẹ́ n sùn. Mo mú ìwé 2016, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti pe mọ́kànlá. Méjì ti kú. Mẹ́rin ní ohun tí mọ̀nmọ́ sọ gẹ́lẹ́, ẹ̀bẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀kan bú mi. Mẹ́ta ní wọ́n máa padà, ẹ bá mi ṣàmín. Ẹni kọkànlá, ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní Kùtọnú, ní kí ló dé tí mo fi ń bi òun, ṣebí lóṣooṣù lòun ń fi 2,000 ránṣẹ́ sí nọ́ńbà akápò, ìgbà tí wọ́n sọ nọ́ńbà wa di 10 ní òpin oṣù kọkànlá 2024 tí 01 wá wà níwájú ni kò wọlé mọ́, òun wá rò pé ẹgbẹ́ ti tú. Mo ní akápò wo? Ó dárúkọ olóògbé. Mo ní ṣé orúkọ ẹ̀ ló ń jáde tẹ́ ẹ bá ti ń fi ránṣẹ́? Ó ní rárá, orúkọ obìnrin kan ló ń jáde, òun rò pé akápò tuntun ni.

Mo fi 01 síwájú nọ́ńbà yẹn, mo pè é. Ìyá kan ló gbé e, èdè Gun ló ń sọ, mo fi Faransé dá a lóhùn, a bára wa sọ ọ́ títí ó fi yé e. Ó ní háà, òun rò pé àbúrò ọkọ òun tó wà ní Àbíjàn ló ń fi owó yẹn ránṣẹ́ láìfẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ mọ̀, gbogbo Ọjọ́ Àìkú lòun fi ń gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìpàdé wa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa gbé èyí kalẹ̀ níwájú alága.