Ṣé ohun tí ojú mi rí ní kékeré ló ṣì ń dà mí láàmú lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún?

Olóhùnjẹ́jẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo sì ń pa á rẹ́, nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí, mo ní ìyàwó àti ọmọ kan, iṣẹ́ mi dára, kò sì sí ẹni tó ń lé mi. Síbẹ̀, ní alaalẹ́ tí ìyàwó mi bá ń ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ti máa ń dìde dúró kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Èjìká mi á ti ká sókè, ọwọ́ mi á ti pa tẹlifíṣọ̀n, ojú mi á sì máa wá káàkiri yàrá, bóyá ohun kan wà tó yẹ kí n ti ṣe tí n kò ṣe. Ìyàwó mi kò gbé ohùn sókè sí mi rí. Ẹni tí mo ń dìde fún, mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún méje. N kò ní ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kọ́ ló burú jù nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé n kì í mọ ọjọ́ tí yóò lù mí. Lọ́jọ́ tí mo bá fọ́ abọ́, ó lè rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí n kò ṣe nǹkan kan, ó lè ní kí n kúnlẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ó sì máa sọ fún mi pé àwọn tó bí mi gan-an kò fẹ́ mi. Ìró kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni mo fi máa ń mọ irú alẹ́ tí a ó lò: bó bá yí i kíá, kò séwu, bó bá ń wá ihò rẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀, kí olúkúlùkù wá ibi sá sí ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ló mú mi wá béèrè. Èmi àti ìyàwó mi ní gbólóhùn asọ̀ díẹ̀ lórí owó. Kì í ṣe ìjà rárá, ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo dákẹ́, tí mo ń wò ó, tí n kò sì gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, àfi bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi. Ọmọ wa obìnrin, tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ, wò mí lójú, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní: "Mọ́mì, Dádì ti lọ." Mo jókòó síbẹ̀ o.

Ṣé òótọ́ ni pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ṣì lè máa darí ènìyàn báyìí, àbí ojo lásán ni mí? Ṣé n kò ní kó o ran ọmọ mi? Ó sì tún ń ṣe mí bíi pé kí n wá ọkùnrin náà lọ, kí n bi í léèrè, nítorí ó ṣì wà láàyè. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì dáhùn pé:

Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ojo kọ́ ni yín. Iṣẹ́ tí ara yín kọ́ ní kékeré ló ṣì ń ṣe, kò sì tíì sí ẹni tó sọ fún un pé ó ti lè jíwọ́.

Bí ewu bá dé, ọpọlọ máa ń pàṣẹ kí ara tú àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, kí àyà máa lù, kí iṣan le, kí ènìyàn lè sá tàbí kí ó jà. Bí ewu náà bá kọjá, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí òun àti ewu rẹ̀ jọ ń gbé nínú ilé kan náà kò rí ibi sá sí, agbára rẹ̀ kò sì gbé ìjà, nítorí náà, ọ̀nà kẹta ló máa ń tọ̀: á dákẹ́ sójú kan, ọkàn rẹ̀ á sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ọmọ yín rí nìyẹn, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Nínú ọpọlọ, ibi tí wọ́n ń pè ní amygdala ló ń ṣọ́nà fún ewu, hippocampus sì wà lára ohun tó ń bá wa fi àkókò àti àyè sí ìrántí kí a lè mọ̀ pé ohun kan ti kọjá. Bí ìbẹ̀rù bá pọ̀ jù nígbà tí ọpọlọ ṣì ń dàgbà, aṣọ́nà yìí kì í sùn mọ́, ìrántí náà kì í sì í gba àmì ọjọ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ìró kọ́kọ́rọ́ kì í fi í wá bá yín bí ìtàn àtijọ́, bí kò ṣe bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa kò mọ amygdala, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí okùn, á sá.

Ara gan-an kì í gbàgbé. Ní ọdún 1985, Dókítà Vincent Felitti ń tọ́jú àwọn tó sanra jù ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, ó sì yà á lẹ́nu pé àwọn tó ń jọ̀ dáadáa ló ń sá kúrò nínú ètò náà. Nígbà tó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ ní kékeré. Ọ̀rá tí òun ń pè ní àìsàn, odi ààbò ni àwọn kan nínú wọn kà á sí. Òun àti Dókítà Robert Anda tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí wá bi àwọn àgbàlagbà tó lé ní 17,000 léèrè, láàárín ọdún 1995 sí 1997, nípa ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló ní, ó kéré tán, ẹyọ ìpọ́njú kan láti sọ. Nínú ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1998, ewu ọtí àmujù, oògùn olóró, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìgbìyànjú láti pa ara ẹni fi ìlọ́po 4 sí 12 ga lára àwọn tó rí oríṣi ìpọ́njú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ju ti àwọn tí kò rí ìkankan lọ. Àrùn ọkàn-àyà àti jẹjẹrẹ náà wà lára ohun tó pọ̀ sí i.

Àgbà Ọ̀jẹ̀ dáhùn pé:

Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo wa ni wọ́n nà ní kékeré, a sì di ènìyàn. Bí olúkúlùkù bá wá jókòó tó ń ka iye pàṣán tó jẹ, iṣẹ́ wo ni a ó rí ṣe? Kí Olóhùnjẹ́jẹ́ gbàdúrà, kí ó dárí ji ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kí ó sì gbájú mọ́ ìdílé rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí a bá ń pe gbogbo ìbáwí ní ìlòkulò, ọmọ kò ní gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu mọ́.

Abíọ́nà dáhùn pé:

Bàbá, mo tẹrí ba fún yín, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Àwọn tó di ènìyàn nínú wa ló wà níhìn-ín tí wọ́n ń sọ pé àwọn di ènìyàn. Àwọn tí ọtí gbé lọ kò sí níbí láti fèsì. Ẹ̀yin àgbà náà lẹ sì ní bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, kí a fi èkejì fà á mọ́ra. Níbo ni ọwọ́ kejì wà nínú ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ? Ọmọ tó mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nà án lè kọ́gbọ́n níbẹ̀. Kí ni ẹni tí wọ́n ń nà nítorí pé kọ́kọ́rọ́ pẹ́ kó tó wọ ihò fẹ́ kọ́?

Ẹ̀gbọ́n Olóhùnjẹ́jẹ́, tèmi yàtọ̀ sí tiyín. Olùkọ́ tó ń wá kọ́ mi nílé ló bá mi ṣèṣekúṣe, láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án títí mo fi pé mọ́kànlá. Ó ti tọ́jọ́ tí mo ti lè sọ ọ́ báyìí. Ohun tí n kò mọ̀ ni ibi tó fara pamọ́ sí. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò láìdé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, mo sì ń sọ fún ara mi pé n kò ráyè ni. Nígbà tí eyín wá ń pa mí bíi kí n kú, mo lọ, dókítà tẹ àga náà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà lókè ojú mi, mo sì bú sẹ́kún kó tó fọwọ́ kàn mí. Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tí gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ mi ń ṣe, n kò tíì ṣe é rí nígbà náà. Dókítà eyín náà kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó gbé àga náà dìde, ó ní: "Bí ẹ bá ti gbé ọwọ́ òsì, mo ti dáwọ́ dúró nìyẹn," ó sì ní kí n dán an wò. Mo gbé e nígbà mẹ́rin láìsí ohun tó ń dùn mí, kí n kàn lè rí i pé yóò dúró. Ó dúró nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá wà nípò mi, ẹ ò nílò láti ka ìtàn yín fún dókítà. Ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ ní àmì ìdádúró.

Ní ti wíwá ẹni náà lọ, mo ṣe é. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó béèrè bóyá mo ṣì fẹ́ràn ìṣirò. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi rí oorun sùn lẹ́yìn náà, nítorí ìdáríjì tó yẹ kó tọrọ ni mo bá lọ, kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ ó bá lọ, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ẹ ó ṣe bó bá sẹ́ kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú yín mọ́, ẹ fi tó àwọn tí òfin ní kí wọ́n dáàbò bo ọmọ létí. Mo rí ọmọ mìíràn lọ́dọ̀ olùkọ́ tèmi yẹn, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì dáhùn pé:

Abíọ́nà, ẹ ṣeun gan-an. Mo fẹ́ tún ohun kan ṣe nínú èyí tí mo kọ lókè, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ìpọ́njú rẹ̀ kó ní òun ti kú tán. Anda fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ní ọdún 2020 pé kí a má fi iye ìpọ́njú wọ̀nyẹn sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lápapọ̀ ni ìṣirò náà wà fún.

Ní ti ọmọ yín, Olóhùnjẹ́jẹ́, àwọn tí wọ́n lò nílòkulò tí wọn kò sì lo ọmọ tiwọn bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù. Olùṣèwádìí kan, Emmy Werner, tẹ̀ lé àwọn ọmọ 698 tí wọ́n bí ní ọdún 1955 ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii, títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí ìpọ́njú pọ̀ fún jù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta di àgbàlagbà tó tóótun, tó sì lójú àánú, ọ̀kan lára ohun tó sì jọ ara wọn nínú ìgbésí ayé wọn ni pé wọ́n rí, ó kéré tán, àgbàlagbà kan tó dúró tì wọ́n gbọn-in. Nítorí náà, ẹ ṣàlàyé fún un. Ẹ ní: "Dádì máa ń jìnnà nígbà mìíràn bí ẹ̀rù bá bà á, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, mo sì máa ń padà wá." Ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́ èyí yékéyéké. Ohun tí a kò bá ṣàlàyé fún ọmọ, orí ara rẹ̀ ló máa ń dá a lé.

Ẹ wá oníṣègùn ọpọlọ tàbí agbaninímọ̀ràn tó mọ iṣẹ́ nípa ọgbẹ́ ọkàn, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ti tọ́jú irú rẹ̀ rí. Ohun tí ẹ kọ jọ irú ọgbẹ́ ọkàn tí wọ́n ń pè ní complex PTSD, tí oníṣègùn ọpọlọ Judith Herman ṣàpèjúwe ní ọdún 1992, tí ìwé ìtòlẹ́sẹẹsẹ àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ICD-11, wá fún ní àyè tirẹ̀ láti ọdún 2022: kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan, ó kan bí ènìyàn ṣe ń wo ara rẹ̀ àti bó ṣe ń bá ẹni tó fẹ́ràn gbé. N kò lè wo yín láti ibí o, àwọn ni wọn yóò sọ. Ìtọ́jú nípa ọ̀rọ̀ sísọ wà, EMDR tí wọ́n máa fi ń ní kí ojú yín máa lọ máa bọ̀ bí ẹ ti ń rántí náà wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí méjèèjì ní ọdún 2013. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ ní kí ìyàwó yín máa pe orúkọ yín lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò.

Olóhùnjẹ́jẹ́ dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín, títí kan Bàbá. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó sì béèrè ìdí tí n kò fi sọ nípa kọ́kọ́rọ́ fún òun láti ọdún mẹ́jọ yìí. N kò rí èsì fún un. N kò ní wá ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ fún ìgbà yìí ná. Mo ti wádìí, kò sí ọmọdé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn kan.

Lánàá, ìyàwó mi pe orúkọ mi láti ìta, ó dúró díẹ̀, ó wá yí kọ́kọ́rọ́. Mo dìde síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo dìde.